Bí a ṣe ń darí AI méjì tàbí mẹ́ta tó ń kọ kóòdù nígbà kan náà láti inú terminal

Ẹni tó bá ti lo AI tó ń kọ kóòdù nínú terminal mọ̀ pé ìdúró ló ń gba àsìkò jù. Ẹ fún un níṣẹ́, ó ń ka fáìlì, ó ń kọ, ó ń dán an wò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè kọjá kó tó dá yín lóhùn. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń ṣí terminal kejì, tí wọ́n á sì gbé AI mìíràn dìde nínú fóldà kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. AI kejì á ka fáìlì tí ti àkọ́kọ́ ò tíì kọ tán, á rí i pé ìdánwò ò yege, á "tún un ṣe". Ti àkọ́kọ́ á padà dé, á bá iṣẹ́ rẹ̀ ní ipò mìíràn, òun náà á tún un tún. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ ṣe commit (kí wọ́n fi àtúnṣe wọn pamọ́ sínú ìtàn kóòdù) lẹ́ẹ̀kan náà, Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn yẹn, á ní òun ò lè dá fáìlì `index.lock` torí pé ó ti wà níbẹ̀.

Àgbẹ̀ méjì kì í kọ ebè lórí ilẹ̀ kan náà láìpààlà. Ààlà yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí: iṣẹ́ kan, fóldà kan, ẹ̀ka (branch) kan, orúkọ kan. Claude Code, AI ti Anthropic, la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń lo Codex ti OpenAI lè tẹ̀ lé e pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ Git àti tmux (tó ń jẹ́ kí terminal kan ní wíńdò púpọ̀) ò yí padà. `codex resume` ló fi ń padà sẹ́nu iṣẹ́, `AGENTS.md` ló sì ń kà dípò `CLAUDE.md`, fáìlì ìlànà tí Claude Code ń kà. Ìjókòó la ó máa pe ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan pẹ̀lú AI láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tí ẹ nílò

Git, tmux àti jq (tó ń yọ ohun tí a fẹ́ jáde nínú fáìlì JSON). Lórí Ubuntu:

```
sudo apt install git tmux jq
```

Lórí Mac, `brew install git tmux jq`. Ẹni tó ń lo Windows ní láti kọ́kọ́ fi WSL sí i pẹ̀lú `wsl --install`, torí tmux kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kóòdù yín wà nínú fóldà ilé ti Linux, ẹ má gbé e sí abẹ́ `/mnt/c`. Kíka fáìlì láti ibẹ̀ ń falẹ̀ púpọ̀, AI sì máa ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáìlì.

Ẹ kọ́kọ́ pín iṣẹ́ náà dáadáa

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù, òun ló sì ń pinnu bóyá ìyókù á dára. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ bi ara yín pé: fáìlì wo ni iṣẹ́ méjèèjì á fọwọ́ kàn? Bí ìdáhùn bá ju fáìlì kan tàbí méjì lọ, ẹ ṣe wọ́n tẹ̀léra. Àwọn tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni `package-lock.json`, fáìlì tó to àwọn ojú ọ̀nà ìkànnì náà lẹ́sẹẹsẹ, àti fóldà migration tó ń yí dátábéèsì padà. Iṣẹ́ tó bá máa yí dátábéèsì padà, ẹ jẹ́ kó dá lọ ṣáájú, kó parí, kó wọ `main` (ẹ̀ka àgbà), kí ẹ tó gbé àwọn yòókù dìde.

Kí la wá lè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Ká ní ẹ ń kọ ìkànnì ìtajà kan tó wà ní `~/ise/itaja`. AI kan lè máa tún ojú ìwé ìsanwó ṣe, kí èkejì máa kọ ibi ìwákiri ọjà, kí ẹ̀kẹta kàn máa ka kóòdù, kó máa wá àṣìṣe láìkọ ohunkóhun. Ẹni tó ń kà láìkọ yẹn ni ìjókòó tó rọrùn jù láti fi kún un, torí kò lè ba ohun kankan jẹ́.

Méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́ òpin fún ẹni tó fẹ́ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ó sì yẹ kí ẹ kà á. Kọ̀ǹpútà oní-8GB náà kì í fẹ́ gba ju méjì lọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gbé sáfà àti ìdánwò tirẹ̀ dìde. Lórí Linux tàbí WSL, ẹ fi `free -h` wo àyè ìrántí tó kù kí ẹ tó fi òmíràn kún un.

Fóldà kan fún iṣẹ́ kan

Git ní ohun kan tó ń jẹ́ worktree láti ẹ̀dà 2.5 tó jáde ní 2015. Ó ń jẹ́ kí ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo ní fóldà iṣẹ́ púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ẹ̀ka tirẹ̀. Ìtàn commit kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ẹ ò sì nílò láti tún fi dátà gbé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

```
cd ~/ise/itaja
git fetch origin
git worktree add --no-track -b isanwo ../itaja-isanwo origin/main
git worktree add --no-track -b wiwa ../itaja-wiwa origin/main
git worktree list
```

Ẹ má fo `--no-track`. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀ka tuntun náà á gbà pé `origin/main` lòun ń tẹ̀ lé, `git push` lásán á sì kọ̀ torí pé orúkọ méjèèjì ò bára mu. AI tó bá pàdé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn lè gbìyànjú láti tì í sórí `main` tààrà.

Ẹ kíyè sí i pé a ò fi àmì ohùn sórí orúkọ ẹ̀ka àti fóldà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bíi "ọ́" ju ẹyọ kan lọ, kíbọ́ọ̀dù kan sì lè tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ sí òmíràn. Orúkọ méjì tó jọra lójú yín lè jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú Git, àṣẹ yín á sì máa sọ pé kò sí fóldà bẹ́ẹ̀. Àmì ohùn ò ṣòro nínú ìwé tí ẹ kọ fún AI. Nínú orúkọ fáìlì, ẹ fi lẹ́tà lásán sílẹ̀.

Worktree tuntun kì í kó ohun tí Git ò mọ̀ dání. `.env` (fáìlì ètò àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí) ò ní sí níbẹ̀, `node_modules` (fóldà àwọn ohun èlò tí kóòdù ń lò) ò ní sí níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé AI síbẹ̀ láìṣe ètò, á lo ìdajì wákàtí láti wádìí àṣìṣe tí kò sí nínú kóòdù rárá.

```
cp .env ../itaja-isanwo/
cd ../itaja-isanwo
npm ci --prefer-offline
```

`--prefer-offline` ń jẹ́ kí npm kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà lórí ẹ̀rọ yín, kó má baà jẹ dátà fún ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí àyè inú ẹ̀rọ bá jẹ́ ìṣòro, pnpm dára ju npm lọ fún irú iṣẹ́ yìí, torí ibi kan ṣoṣo ló ń tọ́jú àwọn ohun èlò sí, tí gbogbo fóldà sì ń pín in lò.

Ohun kan wà tí worktree ò yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: `git stash`, tó ń gbé àtúnṣe tí ẹ ò tíì ṣe commit sápá kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni àpò stash tí gbogbo fóldà ní. AI tó bá ṣe `git stash` nínú ìsanwó, tí èkejì sì ṣe `git stash pop` nínú ìwákiri, iṣẹ́ á ṣí lọ sílé onílé. Ẹ kọ ọ́ sínú `CLAUDE.md` gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má lo stash, kí wọ́n ṣe commit kékeré dípò rẹ̀.

Pọ́ọ̀tù àti dátábéèsì

Fóldà ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ sáfà rẹ̀) tirẹ̀: 3001 fún ìsanwó, 3002 fún ìwákiri. Bí méjì bá fẹ́ gba 3000, `EADDRINUSE` ni ẹ ó rí, ìyẹn sì dára, torí ó pariwo. Èyí tí kì í pariwo ló burú. Vite, ohun èlò tó ń gbé ìkànnì dìde lórí ẹ̀rọ yín, bí àpẹẹrẹ, bó bá rí i pé pọ́ọ̀tù 5173 ti ní ẹni tó ń lò ó, á kàn lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. AI yín ò ní mọ̀, á máa wo ojú ìwé tó wà ní 5173, ìyẹn ti fóldà kejì, á sì máa sọ pé àtúnṣe òun ò hàn. Ẹ fi agbára mú un:

```
npm run dev -- --port 3001 --strictPort
```

Dátábéèsì náà, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lórí PostgreSQL, ẹ lè ṣe ẹ̀dà èyí tó wà nílẹ̀:

```
createdb -T itaja itaja_isanwo
```

Bó bá sọ pé àwọn mìíràn ń lo `itaja`, sáfà kan ṣì so mọ́ ọn. Ẹ pa sáfà náà, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ yí orúkọ dátábéèsì padà nínú `.env` ti fóldà náà.

tmux: kí ojú yín lè tó gbogbo wọn

Ìjókòó tmux kan fún iṣẹ́ àkànṣe kan, wíńdò kan fún AI kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń dá ìjókòó tmux ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún AI kọ̀ọ̀kan. Kò burú, ṣùgbọ́n ìlà tó wà nísàlẹ̀ kì í fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjókòó mìíràn hàn yín.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí sínú `~/.tmux.conf`:

```
set -g mouse on
set -g base-index 1
set -g history-limit 50000
setw -g monitor-silence 30
```

Ìlà kẹta ṣe kókó: 2000 ìlà ni tmux ń rántí bí ẹ ò bá sọ fún un, AI sì lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ń ṣọ́ wíńdò tó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. AI tó ń ṣiṣẹ́ kì í dákẹ́, torí àmì tó ń yí lójú terminal kì í dúró. Nítorí náà wíńdò tó bá dákẹ́ ti parí, tàbí ó ń dúró de ìdáhùn yín. Àmì `~` á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Nísinsìnyí:

```
tmux new -d -s itaja -n isanwo -c ~/ise/itaja-isanwo
tmux new-window -t itaja: -n wiwa -c ~/ise/itaja-wiwa
tmux attach -t itaja
```

Bí tmux bá ti wà lójú iṣẹ́ kí ẹ tó kọ fáìlì náà, ẹ ṣe `tmux source-file ~/.tmux.conf`. `history-limit` ò ní kan wíńdò tó ti ṣí tẹ́lẹ̀, àwọn tuntun nìkan ló máa kàn.

Bátìnnì tí ẹ nílò ò pọ̀. Ẹ tẹ Ctrl-b, ẹ gbọ́wọ́ kúrò, kí ẹ tó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e: `1` tàbí `2` láti lọ sí wíńdò náà, `w` láti rí gbogbo wọn, `[` láti yí òkè wò (`q` láti jáde), `d` láti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó pe AI

Nínú fóldà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ `ISE.md`. Kó máà gùn ju ìdajì ojú ìwé lọ. Kó sọ ohun tí ẹ fẹ́, fáìlì tó lè fọwọ́ kàn, èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àṣẹ tí yóò fi dán iṣẹ́ wò, pọ́ọ̀tù tó jẹ́ tirẹ̀, àti bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti parí. Ẹ tún fi orúkọ fáìlì yìí sínú `~/ise/itaja/.git/info/exclude` kó má baà wọ commit. Gbogbo worktree ló ń ka exclude yẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `claude` nínú wíńdò náà, ẹ sọ fún un pé kó ka `ISE.md`, kó kọ́kọ́ sọ ètò rẹ̀ láìkọ kóòdù. `claude --permission-mode plan` ń mú kó dúró sórí ètò títí ẹ ó fi gbà. Bó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fún ìjókòó náà lórúkọ: `/rename isanwo`. Orúkọ wíńdò, ẹ̀ka àti ìjókòó á wá jẹ́ ọ̀kan náà, orí yín ò sì ní dàrú ní aago méjì òru.

Àṣẹ tí ẹ bá fún AI lẹ́nu iṣẹ́, pé kó máa ṣe ohun kan láìtún bèèrè, inú `.claude/settings.local.json` ti fóldà yẹn ló ń lọ. Git kì í gbé e, nítorí náà fóldà tuntun lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè látorí òdo. Ohun tí ẹ mọ̀ pé kò léwu, bíi `Bash(npm test:*)`, ẹ fi sínú `.claude/settings.json`, ẹ ṣe commit rẹ̀. Ní ti `--dangerously-skip-permissions`, ẹ má lò ó lórí ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ SSH àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín wà. AI mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó ń wo èyíkéyìí nínú wọn, ewu ńlá ni.

Bí àmì `~` ò bá tó yín, ẹ fi èyí sínú `~/.claude/settings.json`:

```
{
  "hooks": {
    "Notification": [
      { "hooks": [ { "type": "command",
        "command": "echo $(date +%H:%M) $CLAUDE_PROJECT_DIR >> ~/duro.txt" } ] }
    ]
  }
}
```

Nígbàkígbà tí ìjókòó kan bá ń dúró de àṣẹ yín, aago àti orúkọ fóldà rẹ̀ á wọ `~/duro.txt`. Ẹ ṣí wíńdò kan fún `tail -f ~/duro.txt`, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìjókòó tí kò nílò yín

Ẹ̀kẹta tó ń kà láìkọ, kò nílò wíńdò rárá:

```
cd ~/ise/itaja
claude -p "Wá ibi tí a kò ti yẹ iye owó wò kí a tó gbà á" \
  --allowedTools "Read,Grep,Glob" \
  --output-format json > /tmp/ayewo.json
jq -r '.result' /tmp/ayewo.json
id=$(jq -r '.session_id' /tmp/ayewo.json)
claude -p --resume "$id" "Èwo nínú wọn ló léwu jù?"
```

Ẹ rántí pé `-p` kì í dúró bèèrè. Ohun tí ẹ ò bá fún un láṣẹ, kò ní ṣe é, á sì máa bá ìyókù lọ. Bí èsì rẹ̀ bá dà bí ẹni pé ó fo nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wo `--allowedTools`.

Nígbà tí iná bá lọ

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà tí ẹ yá, tí ẹ fi SSH wọlé, tí tmux sì wà lórí sáfà náà, iná tó lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já nílé yín ò kan AI rárá. Ẹ kàn tún wọlé, ẹ ṣe `tmux attach -t itaja`. Fún ẹni tó wà níbi tí iná ò ti dúró, ìdí yìí nìkan tó láti sanwó sáfà kékeré kan.

Bó bá jẹ́ pé orí laptop yín ni gbogbo rẹ̀ wà, tí bátìrì sì kú, tmux á kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ò kú. Claude Code ń kọ ọ́ sínú `~/.claude/projects/`, fóldà kan fún ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, fáìlì JSONL kan fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan. `claude --continue` ń gbé ìjókòó tó gbẹ̀yìn nínú fóldà tí ẹ wà dìde. Ìdí mìíràn nìyí tí fóldà kan fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ kan: bí ìjókòó mẹ́rin bá wà nínú fóldà kan, ti ta ló gbẹ̀yìn?

```
tmux new -d -s itaja -n ile -c ~/ise/itaja
for i in isanwo wiwa; do
  tmux new-window -t itaja: -n $i -c ~/ise/itaja-$i
  tmux send-keys -t itaja:$i 'claude --continue' Enter
done
```

Ẹ kọ́kọ́ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe `git status` kó tó tẹ̀síwájú, torí ó lè rò pé òun ti kọ fáìlì tí kò délẹ̀ kí iná tó lọ. Ẹ má sì ṣí ìjókòó kan náà ní wíńdò méjì: inú fáìlì kan ni méjèèjì á máa kọ sí, ọ̀rọ̀ wọn á sì lọ́ mọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ọ̀nà méjì láti ibì kan náà, ẹ fi `--fork-session` kún `--resume`.

Lẹ́yìn ọjọ́ 30, Claude Code á pa ìjókòó àtijọ́ rẹ́. `cleanupPeriodDays` nínú `~/.claude/settings.json` ló ń yí iye ọjọ́ náà padà.

Lórí Mac, ẹ fi `caffeinate -i` sílẹ̀ nínú wíńdò kan kí ẹ̀rọ má baà sùn nígbà tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án.

Kíka iṣẹ́ àti dídà wọ́n pọ̀

Ẹ fi èyí wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan:

```
for d in ~/ise/itaja-*; do
  echo "== $(basename "$d")"
  git -C "$d" status -sb | head -5
  git -C "$d" log -1 --format='%h %ar %s'
  git -C "$d" diff --stat origin/main...HEAD
done
```

Ìlà `--stat` ni kí ẹ fojú sí. Bí fáìlì ìwákiri bá hàn nínú ẹ̀ka ìsanwó, ààlà ti já. Ẹ bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ AI kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni kí ẹ máa dà wọ́n pọ̀. Ẹ gbé ìsanwó wọ `main`, ẹ dán `main` wò, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí fóldà ìwákiri, ẹ ṣe `git rebase main`, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè jókòó lórí `main` tuntun náà. Bí `package-lock.json` bá fa ìjà, ẹ má jẹ́ kí AI tún un ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ yanjú `package.json`, kí ohun èlò ẹ̀ka méjèèjì wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà:

```
git checkout --ours package-lock.json
npm install
git add package.json package-lock.json
git rebase --continue
```

Nínú rebase, `--ours` túmọ̀ sí ti `main`, kì í ṣe ti ẹ̀ka tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń yí i sódì.

Kíkó ilẹ̀ mọ́

Bí iṣẹ́ bá ti wọ `main`, ẹ jáde kúrò nínú AI, ẹ pa sáfà rẹ̀, kí ẹ tó ṣe èyí:

```
cd ~/ise/itaja
git worktree remove ../itaja-isanwo
git branch -d isanwo
dropdb itaja_isanwo
```

`git worktree remove` á kọ̀ bí fáìlì tí ẹ ò tíì ṣe commit bá wà níbẹ̀. Ẹ má sáré lo `--force`, ẹ wo ohun tó kù. Ṣùgbọ́n kì í ka ohun tí ẹ ní kí Git fojú fò sí ìdíwọ́: `.env` àti `ISE.md` á bá fóldà náà lọ láìsí ìkìlọ̀. Bí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ tuntun kan sínú `.env` yẹn, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó tẹ Enter. Ẹni tó bá sì ti fi `rm -rf` pa fóldà náà rẹ́, kó ṣe `git worktree prune`, Git á gbàgbé rẹ̀.